Ọkàn Okwaraji tóbi, ọkàn àwọn sárésáré náà tóbi: kí ló yà wọ́n?

Ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1989 ni. Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, kún fọ́fọ́. Nàìjíríà àti Àǹgólà ń figagbága nítorí ife àgbáyé ti ọdún 1990. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 77, Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25 péré, tó kàwé òfin tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun, ṣubú lulẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kò dìde mọ́. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ òkú ẹ̀ wò, ohun tí wọ́n rí ni pé ọkàn ẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ẹnìkan á sọ pé eré àsájù ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Ọ̀rẹ̀, ní oríta tí ọ̀nà Èkó sí Bìní ti pàdé ọ̀nà tó ń ti Oǹdó bọ̀ gba Òdìgbò. Ká ní fọganáísà kan wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, tí ikùn ti ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ máa sáré láàárọ̀, kóun gba ọ̀nà Òdìgbò lọ, kóun sì padà. Ìyàwó ẹ̀, tó ń gbé búrẹ́dì lé àtẹ fún àwọn èrò ọkọ̀, fọwọ́ lérí.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ dákun. Ẹ ò rántí Okwaraji ni? Ṣebí wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń sáré náà ni ọkàn ń tóbi. Ẹ má sọ mí di opó o."

"Ìyá àwọn ọmọ, ta ló ní mo fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù? Eré jẹ́jẹ́ ni mo fẹ́ sá."

"Eré jẹ́jẹ́ o, eré líle o, eré ni gbogbo ẹ̀!"

Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn ju bí òun alára ṣe mọ̀ lọ. Ibi tó ti ṣìnà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ikú àti ìyè wà.

Òótọ́ ni pé eré sísá máa ń mú ọkàn tóbi. Kì í ṣe àná ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1899, dókítà kan nílẹ̀ Sweden tó ń jẹ́ Henschen ń fi ìka lu àyà àwọn tó ń so igi pẹlẹbẹ mọ́ ẹsẹ̀ sáré lórí yìnyín, gẹ́gẹ́ bí ìyá ẹlẹ́mu ṣe ń fìka lu kèrègbè kó lè mọ ibi tí ẹmu dé. Láti ara ìró yẹn ló ti mọ̀ pé ọkàn àwọn tó ń sá ọ̀nà jíjìn tóbi ju ti àwọn tó kù lọ. Ó sì sọ ọ́ nígbà náà pé títóbi yẹn dára, pé ọkàn bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ ju ọkàn lásán lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ọkàn bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé kò tíì sí láyé. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé, ó jẹ́rìí sí i pé ọkàn wọn tóbi lóòótọ́.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kejì, ọdún 2016, pápá Sùúrùlérè yẹn kan náà, níbi tí Okwaraji ṣubú sí, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti ìlú Èkó, kìlómítà 42 àti díẹ̀. Abraham Kiptum, ọmọ ilẹ̀ Kenya, ló gba ipò kìn-ín-ní. Irú àwọn tó máa ń borí eré bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá gbé wọn sábẹ́ ẹ̀rọ, ọkàn ńlá ni wọ́n sábà máa ń bá láyà wọn. Tó bá jẹ́ pé títóbi nìkan ló ń pani, ó yẹ kí òkú sùn lọ rẹrẹ lójú ọ̀nà eré ẹlẹ́mìí ẹṣin lọ́dọọdún.

Àṣé oríṣi títóbi méjì ló wà.

Ọkàn ọmọ èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù olówó ẹ̀ lọ. Ẹran ni, iṣẹ́ ẹ̀ kò sì ju pé kó gba ẹ̀jẹ̀ wọlé, kó tì í jáde. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́jẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ọkàn kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan tó nǹkan bíi lítà márùn-ún. Kẹ́ẹ̀gì epo kékeré kan nìyẹn, ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, tọ̀sán tòru, ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ìsinmi. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí po o, kì í ṣe pé tuntun ń wọlé. Bí ọ̀dọ́kùnrin lásán bá wá ń sáré débi tí kò lè sá ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, ọkàn ẹ̀ lè máa ti nǹkan bíi lítà 20 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ti àwọn ọ̀gá nínú eré ọlọ́nà jíjìn a máa tó lítà 35, ti ẹlòmíì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ẹ̀gì epo ńlá tí alábàárù ń gbé ní ọjà Ọ̀rẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, lítà 25 péré ni.

Fọganáísà wa yìí lè ṣàlàyé ìyókù fún olùkọ́ ilé ìwé. Ó mọ̀ pé bí pọ́ńpù bá kéré, èèyàn á tẹ̀ ẹ́ títí apá á fi ro ó kí táyà kẹ̀kẹ́ tó kún. Bí pọ́ńpù bá tóbi, ìgbà díẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́. Ohun tí eré sísá ọlọ́nà jíjìn ń ṣe ni pé ó ń sọ pọ́ńpù kékeré di ńlá. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ẹran ẹsẹ̀ ń fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè, ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ ju ti ìjókòó lọ a sì rọ́ wọ ọkàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀, ara fúnra ẹ̀ a máa fi omi kún ẹ̀jẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù, yàrá ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ń wọ̀ sí a máa fẹ̀ sí i, ògiri ẹ̀ a sì nípọn díẹ̀ kó lè gbà á mọ́ra. Pàtàkì jù lọ, ògiri ọ̀hún a máa rọ̀ bíi rọ́bà tuntun: ó ń nà, ó ń sún kì.

Ẹ wá wo èrè ibẹ̀. Ọkàn tí kò mọ eré, tó bá lù lẹ́ẹ̀kan, ó ń ti nǹkan bíi mílílítà 70 jáde. Ti sárésáré lè tó 100, láìṣe nǹkan kan, lórí ìjókòó. Nítorí náà kò ní láti yára. Ti ẹni lásán a máa lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ẹni tó ti pẹ́ nínú eré ọlọ́nà jíjìn lè wà ní 50, tàbí 40 pàápàá. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọjà. Ọkàn tó ń lù ní 70 á lù ní ìgbà 100,800 láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Èyí tó ń lù ní 50, ìgbà 72,000. Ìlù 28,800 ni ọkàn ẹnì kejì fi sinmi lójúmọ́, iṣẹ́ kan náà sì ni wọ́n ṣe.

Títóbi kìn-ín-ní nìyẹn. Èkejì ńkọ́?

Kí fọganáísà gbé pọ́ńpù ọwọ́ kan náà, kó fi ti táyà tírélà tó ti le gbagidi tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni ìṣòro ẹ̀ mọ́, agbára tó fi ń tì í wọlé ni. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń bá ọkàn jà nìyẹn. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ti fún, wọ́n ti le, ọkàn sì ń ti ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ ṣí, ní gbogbo ìgbà, títí kan ìgbà tí olówó ẹ̀ ń sùn. Ẹran tó bá ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á nípọn. Ṣùgbọ́n inú ló ń nípọn sí, bí ìgbà tí bíríkìlà bá ń rẹ́ ògiri yàrá látinú, tó ń rẹ́ ẹ lérí ara wọn títí àyè bẹ́ẹ̀dì ò fi ní sí mọ́. Ògiri yẹn a le, kò ní lè nà dáadáa gba ẹ̀jẹ̀. Tó bá wá pẹ́ jù, agbára á tán nínú ẹ̀, á wú bíi tíúbù tó ti gbó. Wọ́n bá wò ó lẹ́rọ, wọ́n á ní ọkàn ẹni yìí tóbi. Ó tóbi lóòótọ́!

Ní ọdún 1975, Joel Morganroth àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ wo ọkàn àwọn tó ń sáré àti àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n tún wo ti àwọn tó ń jìjàkadì àti àwọn tó ń ju irin. Ti àwọn tó ń sáré, yàrá ló fẹ̀. Ti àwọn alágbára, ògiri ló nípọn. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e ti fi hàn pé ààlà yẹn kò gún gedegbe bí wọ́n ṣe rò, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé irú iṣẹ́ tí èèyàn bá gbé lé ọkàn lọ́wọ́ ló ń pinnu irú títóbi tó máa tóbi.

Ibi tí ìyàwó fọganáísà ti ṣìnà nìyẹn. Nínú ìwé tí àwọn dókítà kọ lórí Okwaraji, ó gbọ́ "ọkàn tó tóbi", kò gbọ́ "ẹ̀jẹ̀ ríru". Eré sísá jẹ́jẹ́ kì í fún èèyàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó máa ń bá a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tó wà nínú ewu ni ẹni tó ti ní in lára tí kò mọ̀, tó wá ń fi gbogbo agbára ẹ̀ sáré.

Ẹ gbọ́ ti òǹtẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ lòun náà fi ń jẹun. Clarence DeMar lorúkọ ẹ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, dókítà gbé ẹ̀rọ sí i láyà, ó ní òun gbọ́ ìró kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, pé kó yáa fi eré sílẹ̀ kó má baà kú. Ní ọdún 1911, DeMar lọ gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti ìlú Boston. Ó fà sẹ́yìn fún ọdún mélòó kan, ó padà dé, ó tún gbà á ní 1922, 1923, 1924, 1927, 1928 àti 1930. Ẹ̀ẹ̀méje ni! Ó ti lé lógójì ọdún nígbà tó gba ti ìkẹyìn. Òun fúnra ẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ dókítà yẹn ṣẹ̀fẹ̀ pé àfàìmọ̀ ni kì í ṣe ọkàn ara ẹ̀ ló ń gbọ́. Nígbà tí DeMar kú ní 1958, ẹni 70 ọdún, jẹjẹrẹ ló pa á, kì í ṣe ọkàn. Wọ́n yẹ òkú ẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ àbọ̀ ẹ̀ jáde ní 1961: àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bọ́ ọkàn fúnra ẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹlòmíì. Gọ́tà tó bá fẹ̀, pàǹtí díẹ̀ kò lè dí i. Ẹnìkan ṣoṣo ni ṣá o, ó sì lè jẹ́ bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Ní Ọ̀rẹ̀, àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn awakọ̀ tó ń já èrò sílẹ̀ jẹun níbẹ̀, tí àwọn náà jókòó jẹ iyán, tí wọ́n tún padà sídìí ọkọ̀ lọ jókòó. Ní 1953, dókítà Jerry Morris gbé ìwádìí kan jáde lórí nǹkan bíi 31,000 òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní ìlú London. Awakọ̀ ń jókòó látàárọ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì, nǹkan bí ìṣísẹ̀ 500 sí 750 lójúmọ́. Ilé iṣẹ́ kan náà, ọkọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n àìsàn ọkàn kò pọ̀ láàárín àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ti àwọn awakọ̀, kì í sì í yára pa wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò tan ara ẹ̀ jẹ o. Ní 1956, ó lọ wo ìwọ̀n ìdí ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n rán fún wọn, ó sì rí i pé ìbàdí àwọn awakọ̀ ti tóbi ju ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ kódà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ìjókòó fà. Ti kọ̀ńdọ̀ ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ tún yàtọ̀, ẹnu ọ̀nà lòun ń rọ̀ mọ́, kò sí àtẹ̀gùn tó ń gùn.

Bí èèyàn bá sì fẹ́ mọ bí ìdùbúlẹ̀ ṣe ń ba ọkàn jẹ́, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dallas. Ní 1966, wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún, ọmọ ogún ọdún, wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Wọ́n wọn agbára wọn kí wọ́n tó dùbúlẹ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ẹ̀. Ní 1996, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n wá àwọn márààrún padà, àwọn náà ti di bàbá, àwọn kan ti sanra. Ọgbọ̀n ọdún ọjọ́ orí kò gba agbára lọ́wọ́ wọn tó èyí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gbà. Wọ́n wá mú wọn sáré, wọ́n mú wọn rìn, wọ́n mú wọn gun kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, agbára tí ọjọ́ orí jí lọ sì padà sí wọn lára.

Àmọ́ àkókò kì í dúró. Ní 2018, àwọn dókítà Dallas yìí kan náà gbé àbọ̀ mìíì jáde lórí àwọn ẹni ọdún 45 sí 64 tí kì í ṣe eré kankan tẹ́lẹ̀. Àwọn tó sáré, tí wọ́n rìn kánkán, tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ní ìgbà mẹ́rin sí márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọdún méjì, ọkàn wọn tó ti ń le padà rọ̀. Àwọn tó kàn ń na ara, tí wọ́n ń gbé irin kékeré, tiwọn kò yí padà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ṣáájú, àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọdún 65 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ara wọn le sí i, ṣùgbọ́n ọkàn ti le kọjá kó rọ̀. Fọganáísà ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀ kò tíì pẹ́. Bó bá sì dá a dúró, ohun tó kó jọ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kódà nígbà tí ògiri ọkàn sárésáré kan bá ń kọ dókítà lóminú, wọ́n lè ní kó ṣíwọ́ eré fún oṣù bíi mẹ́ta. Bó bá tín-ín-rín padà, eré ló mú un wá. Bí kò bá yẹsẹ̀, àrùn ni.

Irú àrùn bẹ́ẹ̀ ló pa Marc-Vivien Foé, ọmọ Kamẹrúùnù, ẹni ọdún 28, lórí pápá ní Lyon, ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2003. Ìnípọn tó ń bá ìdílé rìn ni, wọ́n máa ń bí i mọ́ni ni. Nítorí náà, ẹni tí àyà ń dùn bó bá ń sáré, ẹni tí òòyì kọ́ tó sì dákú lẹ́nu eré, ẹni tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ kú lójijì lọ́dọ̀ọ́, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìrí dókítà. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n tí ojú ń ṣú u, kó má pe ara ẹ̀ ní sárésáré, kó lọ sílé ìwòsàn. Àwọn tó sì ti fi ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sá eré ọlọ́nà jíjìn gan-an, ọkàn ẹlòmíì nínú wọn a máa lù ségesège lọ́jọ́ alẹ́. Ìyẹn kò kan ẹni tó ń fi ìdajì wákàtí sáré ṣáá.

Padà sí Ọ̀rẹ̀. Ká ní fọganáísà wa gbà láti lọ sí ilé ìlera kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kó tó sáré ẹsẹ̀ kan. Ìyàwó ní òun á tẹ̀ lé e, kó má lọ parọ́. Wọ́n wọn ti ọkọ, 124 lórí 80, kò burú. Nọ́ọ̀sì ní, "Mọ̀mí, ẹ̀yin náà ẹ fa apá yín wá." Ó wọ̀n ọ́n, ó dákẹ́, ó tún un wọ̀n. Ó di 158 lórí 98. Bó bá sì ti tó 140 lórí 90, tí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíì tó tún wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn.

"Nọ́ọ̀sì, kò sóhun tó ń ṣe mí o. Orí ò fọ́ mi. Èmi tí mò ń gbé àtẹ sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì látàárọ̀!"

"Mọ̀mí, kì í ké, kì í pariwo. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Sísá tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì yẹn náà kò ṣe é fi wé eré tí à ń sọ. Ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan ni, pẹ̀lú ìpayà, ká má sọ ti ewu táyà ọkọ̀. Ohun tó ń fẹ yàrá ọkàn ni eré tí kò le, tí kò sì dúró, ìṣẹ́jú ogún, ọgbọ̀n. Àjọ ìlera àgbáyé ní kó tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún ìrìn kánkán.

Ọkọ ni yóò máa sáré, ìyàwó ni yóò máa rìn kánkán, lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tí dókítà bá kọ fún un, tí nọ́mbà ọ̀hún sì ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ọkọ náà má bẹ̀rẹ̀ bíi pé ogun Ọ̀rẹ̀ ti ọdún 1967 ló ń lé e bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sá díẹ̀, kó rìn púpọ̀. Bó bá ń sáré tó lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Láàárọ̀, kó tó dìde lórí ẹní, kó fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́, kó ka ìlù ọkàn fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kó kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Bó bá jẹ́ 76 lónìí, kó tún wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Bí wọ́n bá sì gba ọ̀nà Òdìgbò, kí wọ́n dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n má kẹ̀yìn sí i. Pápá ilé ìwé tún sàn ju ìyẹn lọ, bí wọ́n bá gbà kí wọ́n wọlé.